Kí ló dé tí Basilone fi padà sójú ogun? Mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ sí ibojì rẹ̀ ní Arlington

Àṣàkẹ́ NJ

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wakọ̀ gba Turnpike lọ síbi iṣẹ́ ní New Jersey níbí. Iṣẹ́ alẹ́ ni. Bí mo bá fẹ́ gun afárá odò Raritan, orúkọ kan ni mo máa ń rí: Basilone. Mo rò pé orúkọ àdúgbò ni, tàbí ti òṣèlú kan. N kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Àkọ́bí mi wọṣẹ́ Marine, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan ó pè mí láti Camp Pendleton ní California, ó ní, “Màámi, títì tí mo wà lórí rẹ̀ báyìí, Basilone Road ni wọ́n ń pè é. Raritan ni ẹni náà ti dàgbà, nítòsí yín níbẹ̀.” Ojú tì mí. Ọmọ tó wà ní òdìkejì Amẹ́ríkà ló wá sọ ẹni tí mò ń gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ fún mi.

Ni èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, bá lọ sí Raritan ní oṣù kẹsàn-án. Láti 1981 ni wọ́n ti ń ṣe ìwọ́de fún un níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìlú kékeré ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń lùlù, wọ́n ń fọn fèrè, ará ilé kọ̀ọ̀kan gbé àga jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí àsíá ti ń kọjá, àwọn bàbá arúgbó tí kò lè dìde mọ́ gbọ́wọ́ síwájú orí kí i. Ère idẹ rẹ̀ wà níbẹ̀ láti 1948, ìbọn ńlá ló gbé dání. Ọmọ mi dúró síwájú ère yẹn pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ àti èyí tí mo kà lẹ́yìn náà ni pé ọmọ télọ̀ kan tó wá láti Ítálì ni John Basilone, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́wàá. Ó kọ́kọ́ ṣe sójà ní Philippines, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Manila John, kó tó di Marine ní 1940. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kẹwàá 1942, ní erékùṣù Guadalcanal, òun àti àwọn ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi ìbọn arọ̀jò-ọta dá àwọn ọmọ ogun Japan dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n fún un ní Medal of Honor, tí kò sí àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù ú lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1943 wọ́n dá a padà sílé. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ló jáde wá kí i ní Raritan. Wọ́n ń gbé e ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú àwọn òṣèré sinimá, kí àwọn ènìyàn lè ra ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba fi ń rówó jagun. Wọ́n ní kó wá di ọ̀fíṣà, ó kọ̀. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́, ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n dá òun padà sójú ogun. Wọn ò gbà. Ó tún bẹ̀ wọ́n.

Ní 3 oṣù keje 1944, ó tún fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tuntun. Ní 10 oṣù keje, ó gbé Lena níyàwó. Ní 19 oṣù kejì 1945, ó kú ní Iwo Jima, erékùṣù Japan kan, lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún 28 ni.

Nínú mọ́tò ni ọmọ mi ti bi mí: “Mọ́mì, wọ́n ti ní kó jókòó sílé. Kí ló tún padà lọ ṣe?” Mo ní kó jẹ́ ká délé ná. A délé, n kò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa tó parí, ó sì ti sọ fún mi pé òun fẹ́ fọwọ́ sí òmíràn. N kò tíì sọ fún ọmọ obìnrin náà. Nígbà tí mo rí 3 oṣù keje àti 10 oṣù keje tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, àyà mi já. Kì í ṣe pé Amẹ́ríkà ń ja irú ogun yẹn báyìí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ bi yín. Ní ìsinmi àárín ìgbà ìrúwé, mo fẹ́ mú ọmọ yìí lọ sí ibojì Basilone ní Arlington, ìtẹ́ àwọn ológun ní Virginia. Báwo la ṣe ń rí i, kí ló sì tọ́ kéèyàn gbé sórí rẹ̀? Èkejì: ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kí ni kí n dá ọmọ mi lóhùn? Ẹ má fi oyin sí i fún mi o. Bó ṣe rí ni kí ẹ sọ.

Ajagunfẹ̀yìntì

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọdún 22 ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ Marine kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí ìbọn arọ̀jò-ọta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, 0331 ni wọ́n ń pe irú wa. Kò sẹ́ni tí kò mọ Basilone nínú wa. Ní Parris Island, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn Marine tuntun, nígbà tí a ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sí wa lẹ́nu, òun àti Chesty Puller tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Guadalcanal, àti Dan Daly, akọni Marine ayé àtijọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn òru yẹn bíi pé àyà líle nìkan ló fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó ti jókòó sídìí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń rí níbẹ̀. Browning M1917 ni wọ́n lò. Omi ni wọ́n ń bù sí i kó má baà gbóná jù. Tòun ti ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń dúró lé, ó wúwo ju kílò 40 lọ. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ wọ̀n dáadáa: bó bá fún jù, kò ní yìn; bó bá dẹ̀ jù, ó lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọ̀sán gangan, lórí tábìlì, ọmọ tuntun ń ṣàṣìṣe níbẹ̀. Òru ni ti Basilone, òjò ńlá sì ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹgbẹ́ ìbọn kan dákẹ́. Nínú àwọn tó wà nídìí rẹ̀, ènìyàn méjì péré ló ṣẹ́ kù tó lè ṣe nǹkan. Ó gbé ìbọn mìíràn lọ síbẹ̀, ó tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, ó sì jókòó ti í fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, ọta fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀tá sì ti dí ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó gba àárín wọn kọjá lọ gbé ọta wá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo èyí wà nínú ìwé tí wọ́n kà nígbà tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ náà dá a lọ́lá.

Èyí ni ìdáhùn mi. Ìmọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó níbi àsè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì mọ̀ pé ọmọ ọdún 18 kan wà níbì kan tí ìbọn rẹ̀ máa há lóru, tí kò ní mọ ohun tí yóò ṣe. Wọ́n ní ó máa ń sọ pé kì í ṣe òun nìkan ló ni àmì ẹ̀yẹ náà, pé àwọn tó ṣẹ́ kù sí Guadalcanal ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí ó ti ṣe èmi náà rí. Ìgbà kan wà tí mo wà nílé nítorí ẹsẹ̀ tó kán, tí ẹgbẹ́ mi ti lọ. Mo jókòó ti ìyàwó àti ọmọ, oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi lọ. Bí fóònù bá dún, mo ti dìde.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé ọkùnrin náà kò bẹ̀rù. Ẹ sọ fún un pé ó mọ iṣẹ́ kan, àwọn kan sì wà tí wọ́n nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lè padà sílé.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò ní sọ pé kó fọwọ́ sí i, n kò sì ní sọ pé kó má fọwọ́ sí i. Ohun kan ni kí ẹ bi í: ta ni ó fẹ́ padà lọ bá? Kó dárúkọ wọn fún yín. Bí kò bá rí orúkọ dá, á jẹ́ pé kò tíì rò ó dé ibi tó yẹ.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ohun díẹ̀ láti fi kún un. Kì í ṣe láti bu iyì ọkùnrin náà kù o, nítorí ọmọ tó fẹ́ gbọ́ ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé òun nìkan ló dá 3,000 ọ̀tá dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni iye tí wọ́n sábà máa ń dá fún àwọn tó kọlu apá ibẹ̀, ṣùgbọ́n bàtálíọ̀nù Puller lódindi ló wà lójú ìlà lóru yẹn. Bí ọ̀rọ̀ ti ń le, wọ́n fa àwọn sójà 164th Infantry, àwọn ọmọ North Dakota, wọ inú ìlà náà nínú òkùnkùn, kí wọ́n lè ti àwọn Marine lẹ́yìn. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Henderson ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Kódà orúkọ pápá yẹn, orúkọ Marine mìíràn ni: Lofton Henderson, awakọ̀ òfuurufú tó kú nínú ìjà Midway lóṣù kẹfà ọdún náà. Lọ́jọ́ kejì òru Basilone, Mitchell Paige, láti inú ẹgbẹ́ ogun 7th Marines kan náà, ṣe ohun tó jọ ọ́ nídìí ìbọn kan náà, wọ́n sì fún òun náà ní Medal of Honor. Paige dàgbà darúgbó.

Iwo Jima wá ńkọ́? Iyẹ̀pẹ̀ dúdú ni etíkun ibẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ òkè tó ń yọ iná. Ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, ènìyàn kò lè sáré, kò sì lè gbẹ́ ihò tó máa dúró. Àwọn Marine dùbúlẹ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀, àdó olóró mọ́tà ń já lù wọ́n. Red Beach II ni ẹgbẹ́ Basilone gúnlẹ̀ sí. Ó dìde, ó ń lé àwọn ọmọ rẹ̀ síwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá ilé oníkọnkéré kan tí ọ̀tá ti ń yìnbọn, ó fi gùrùnéèdì àti ohun abúgbàù pa á lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ló rí táńkì wọn kan tó há sáàárín àdó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó ṣíwájú rẹ̀, ó ń fi ọ̀nà hàn án títí ó fi jáde. Etí pápá ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ ló ti ṣubú. Àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ ní mọ́tà ló pa á, àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ní ọta ìbọn ni. N kò rò pé ó yẹ kí ẹ bá ọmọ ọdún 11 dé ibẹ̀.

Ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fi fún un ní Navy Cross, àmì ẹ̀yẹ tó tẹ̀ lé Medal of Honor, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú gbogbo Marine tí kì í ṣe ọ̀fíṣà, òun nìkan ló gba méjèèjì nínú ogun yẹn.

Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: ọjọ́ 36 ni wọ́n fi jà ní Iwo Jima. Ó dín díẹ̀ ní 7,000 ọmọ Amẹ́ríkà tó kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ Japan tó ń ṣọ́ erékùṣù náà tó nǹkan bí 20,000, díẹ̀ ló yè nínú wọn. Àwọn náà, ìyá bí wọn.

Ajagunfẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Òótọ́ ni ti àwọn ará North Dakota, a kì í dárúkọ wọn tó.

Títí Virginia

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. N kò jìnnà sí Arlington, mo sì máa ń lọ síbẹ̀.

Section 12, nọ́ńbà 384, ni ibojì rẹ̀. Ẹ gba áàpù ANC Explorer sórí fóònù, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, á tọ́ ẹsẹ̀ yín débẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín dání. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lẹ ó wọ̀, Blue Line ní ibùdókọ̀ kan tó ń jẹ́ Arlington Cemetery, ẹ ò ní rìn pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà tó rọrùn ni kí ọmọ wọ̀ o, ilẹ̀ ibẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Òdòdó tútù ni kí ẹ mú wá. Ẹ má ri àsíá mọ́lẹ̀ fúnra yín, wọn kì í gbà. Àwọn sójà Old Guard ló ń fi àsíá síwájú gbogbo ibojì ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Memorial Day, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó kú. Òkúta funfun ló wà lórí rẹ̀ bíi tàwọn yòókù, kò ga ju tiwọn lọ. Ohun kan ló yà á sọ́tọ̀: lẹ́tà wúrà ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí òkúta àwọn tó gba Medal of Honor. Ẹ ó rí i láti òkèèrè bí oòrùn bá mú. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Iwo Jima ni, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti 5th Division. Ní 1948 ni wọ́n tó gbé e wálé.

Ẹ lè rí owó wẹ́wẹ́ lórí òkúta. Ẹ má kó o kúrò. Àwọn ológun ló ń fi í síbẹ̀: sẹ́ǹtì kan túmọ̀ sí pé mo wá kí ọ, márùn-ún, a jọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mẹ́wàá, a jọ ṣiṣẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo wà níbẹ̀ nígbà tí o kú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó wà lọ́kàn tèmi. Ọkọ tèmi náà ń ṣe iṣẹ́ ológun. Gbogbo ẹni tí mo bá mú dé ibojì yẹn ló ń bi mí nípa John. Kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa Lena. Sájẹ́ǹtì Marine ni òun náà, ilé oúnjẹ ní Camp Pendleton ló ti ń dáná. Ṣọ́ọ̀ṣì ní Oceanside ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó títí di ọjọ́ ikú, kò pé oṣù mẹ́jọ, ọkọ sì ti wọkọ̀ ojú omi lọ tipẹ́ kí ó tó pé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1945, òun ni wọ́n pè wá fọ́ ìgò sí imú ọkọ̀ ogun tí wọ́n sọ lórúkọ ọkọ rẹ̀. Ó padà sílé. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. 1999 ló kú, ọdún 54 lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ìtẹ́ àwọn ológun ní Riverside, California, ni wọ́n sin ín sí. Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Arlington. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, sójà mìíràn ni wọ́n.

Bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ Lena. Bí ọmọ bá béèrè pé kí ló dé tó padà lọ, ó tọ́ kó mọ ẹni tó fi sílẹ̀.

Àṣàkẹ́ NJ

Ẹ̀yin ará, a ti lọ, a ti bọ̀. Olúwa á san án fún yín. Àbúrò mi Títí jáde wá pàdé wa nínú òtútù àárọ̀, ó gbé tíì gbígbóná wá fún ọmọ, mo dúpẹ́ púpọ̀.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Fóònù ni èmi ń wò, òun ti rí wúrà náà. Ó ka orúkọ sókè, ó ka ọjọ́ ìbí, ó ka ọjọ́ ikú, ó fi ìka ṣírò ọdún. Ó ní, “Ó fi ọdún díẹ̀ ju bọ̀dá lọ.” N kò dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ajagunfẹ̀yìntì sọ fún un, nípa ìbọn tó há àti àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́. Ó wá ní, “Ṣé Lena mọ̀ ọ́n tún ṣe?” Mo ní iṣẹ́ oúnjẹ ni Lena ń ṣe. Ó ní, “Ó tún máa ń fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n tó lọ.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òdòdó funfun méjì la mú lọ. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀, ó gbé sẹ́ǹtì kan sórí òkúta. Èkejì, ó kọ̀, kò gbé e kalẹ̀. Ó ní ti Lena ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bi í gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n bi í, Bàbá. Mo ní, ta lo fẹ́ padà lọ bá? Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá dárúkọ ènìyàn mẹ́rin. Ó sọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá fún mi, ó sọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sọ èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 tí òun ń kọ́ níṣẹ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n. A sọ̀rọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Kò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan, kò sì sọ pé òun kò ní fọwọ́ sí i. Àmọ́ mo ti mọ orúkọ wọn báyìí, mo sì ń fi wọ́n sínú àdúrà mi.

Mo wá sọ ti òdòdó fún un. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wakọ̀ láti Pendleton lọ sí Riverside, ó ra òdòdó funfun lọ́nà, ó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Oòrùn ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ létí. Sẹ́ǹtì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ wo àwòrán náà títí. Ó ní kí n sọ fún un pé kó tún lọ ní 10 oṣù keje.